Michelangelo àti Luigi del Riccio: Bí Àwòrán Àtẹ̀ Kan Ṣe Ba Ọ̀rẹ́ Jẹ́

Nínú àwọn lẹ́tà tí Michelangelo Buonarroti, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Ítálì, fi sílẹ̀, ọ̀kan wà tí kò gùn ju ìlà díẹ̀ lọ, tí a kò sì kọ ọjọ́ sí, ṣùgbọ́n tí ó korò bí ewúro. Luigi del Riccio ni ó kọ ọ́ sí, ọmọ ìlú Florence bíi tirẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní ìlú Róòmù. Ọkùnrin yìí ni ó gba Michelangelo sọ́dọ̀ nígbà tí àìsàn fẹ́ mú un lọ, tí ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Ẹni yìí kan náà ni Michelangelo wá kọ̀wé sí pé kí ó lọ ba àwòrán kan jẹ́, kí ó sì dáná sun gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ tí a ti tẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kò rọrùn rárá: ẹni tí ó gba ẹ̀mí wa là, ǹjẹ́ ohun kan tún kù lára wa tí kò ní àṣẹ lé lórí? Michelangelo dáhùn pé ó kù. Bí ó ti ṣe dáhùn, àti ohun tí ó mú un dáhùn bẹ́ẹ̀, ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1475 ni a bí Michelangelo. Nítorí náà, ní àsìkò tí à ń sọ yìí, ó ti ń súnmọ́ ẹni 70 ọdún. Òkìkí rẹ̀ ti kàn dé gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1541 ni a ṣí aṣọ lójú àwòrán Ìdájọ́ Ìkẹyìn tí ó kùn sí ara ògiri Ilé Àdúrà Sistine, Póòpù Paul Kẹta sì tún ti gbé iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní aya, kò ní ọmọ. Òun àti àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ilé kan ní àdúgbò tí à ń pè ní Macel de' Corvi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ òkúta àti ọ̀dà ju ọ̀rọ̀ owó àti ìwé àdéhùn lọ. Níbi tí ó kù sí yìí ni Luigi del Riccio ti wúlò. Ilé owó àwọn Strozzi ni Luigi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń bá Michelangelo gba owó, ó ń bá a kọ lẹ́tà, ó sì dúró tì í nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn ìkẹyìn lórí ibojì Póòpù Julius Kejì ní ọdún 1542, ọ̀ràn tí ó ti ń yọ Michelangelo lẹ́nu láti nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú.

Ìbárẹ́ wọn kì í ṣe ti owó nìkan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1544, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Cecchino Bracci, ìbátan Luigi, kú láìtíì pé ọmọ 20 ọdún. Luigi fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹni fẹ́ràn ojú, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó ṣe ibojì fún un, kí ó sì kọ ewì tí a ó fín sí i lára. Michelangelo yàwòrán ibojì náà, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì gbẹ́ ẹ. Ó wà ní ìjọ Santa Maria in Aracoeli ní Róòmù títí di òní. Ní ti ewì, kò kọ ẹyọ kan, kò kọ méjì: ewì kéékèèké 48 ni ó kọ fún orí ibojì náà, yàtọ̀ sí àwọn mìíràn. Bí Luigi bá ti rí i pé ewì fẹ́ dáwọ́ dúró, yóò fi oúnjẹ ránṣẹ́: ẹja, olú, èso ọ̀pọ̀tọ́. Michelangelo a sì fi ewì san ẹ̀san, a kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà kan ó ní ẹja náà ni ó ń kéwì, kì í ṣe òun. Ẹni tí ó bá ka àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké wọ̀nyí yóò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe kì í ṣe ti ojú ayé.

Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún 1544 yìí kan náà ni àìsàn líle kọ lu Michelangelo. Luigi kò jẹ́ kí ó dá wà nínú ilé rẹ̀ tí ó tutù. Ó mú un lọ sí yàrá tirẹ̀ nínú ààfin àwọn Strozzi, oníṣègùn Baccio Rontini sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1545 ń parí lọ sí 1546, àìsàn tún dé, Luigi tún gbà á sọ́dọ̀. Michelangelo kò ya abaraámóorejẹ. Ó fi ère ẹrú méjì tí ó ti gbẹ́ fún ibojì Póòpù Julius ta Roberto Strozzi, olórí ilé náà, lọ́rẹ. Àwọn ère náà ni wọ́n wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris lónìí. Ó tilẹ̀ ní kí Luigi bá òun sọ fún ọba ilẹ̀ Faransé pé bí ó bá dá Florence sílẹ̀ lọ́wọ́ Dúúkù tí ń jọba lé e lórí, òun yóò fi owó ara òun dá ère idẹ rẹ̀ lórí ẹṣin sí gbàgede ìlú náà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn Strozzi jẹ́ ọ̀tá Dúúkù náà. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún padà wá.

Kí a tó dé orí lẹ́tà náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwòrán jẹ́ lójú Michelangelo. Àwọn kan wà nínú àwòrán ọwọ́ rẹ̀ tí kò yà fún títà, tí kò sì yà gẹ́gẹ́ bí ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá kan. Ẹ̀bùn ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀kì ni ó fi ń yà wọ́n lórí ìwé, pẹ̀lú sùúrù tí ó fi jẹ́ pé ojú kì í tètè rí ibi tí ìlà kan parí sí, kí ó tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni kan péré. Tommaso de' Cavalieri, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́lá ará Róòmù, gba púpọ̀ nínú wọn láti ìparí ọdún 1532. Vittoria Colonna, opó ọlọ́lá tí ó jẹ́ akéwì, gba tirẹ̀ náà: ọ̀kan ni Jésù lórí àgbélébùú, òmíràn ni Màríà pẹ̀lú òkú ọmọ rẹ̀. Colonna kọ̀wé pé òun gbé àwòrán náà sí ìmọ́lẹ̀, òun fi dígí àti jígí wò ó, òun kò sì rí ohun tí ó pé tó o rí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gba irú ẹ̀bùn yìí: ẹni kan, àwòrán kan, ojú méjì.

Àmọ́ ohun tí ó bá dára kì í pẹ́ tú sí gbangba. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1533, Cavalieri kọ̀wé sí Michelangelo tìtìjú-tìtìjú. Ó ní Póòpù ti wá wo àwọn àwòrán náà. Ó ní Kádínà Ippolito de' Medici fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ kí a fín méjì nínú wọn, Tityus àti Ganymede, sára òkúta kírísítálì. Ó ní òun kò rí ọ̀nà gba Tityus sílẹ̀. Agbára káká ni òun fi yọ Ganymede. Ẹ wo ipò tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà: ta ni yóò sọ fún Kádínà, ọmọ ìdílé tí Póòpù ti wá, pé rárá? Ní ti Cavalieri, a kò gbọ́ pé Michelangelo bínú sí i. Ọ̀rẹ́ wọn wà títí dé ọjọ́ ikú. Ohun tí ó yàtọ̀ nínú ọ̀ràn Luigi ni pé kò sí Kádínà kan tí ó ká a lọ́wọ́ kò.

Òkúta kírísítálì kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Olówó kan ni yóò ní in. Bàbà àti ìwé ni ìṣòro. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ àwòrán yóò wá awo bàbà pẹlẹbẹ tí a ti dán, yóò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín àwòrán náà sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Yóò ta tàdáwà sí i, yóò nu ojú awo náà mọ́ títí tàdáwà kò fi ní kù bí kò ṣe nínú kòtò ìfín. Yóò wá tẹ́ ìwé tí a ti fi omi rin lé e, yóò sì kì í bọ inú ẹ̀rọ. Awo kan ṣoṣo lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà jáde. Ní àárín àwọn ọdún 1540, òwò yìí ń gbilẹ̀ ní Róòmù. Antonio Salamanca àti Antonio Lafreri ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tà á. Giulio Bonasone àti Nicolas Beatrizet wà nínú àwọn tí ń fín in. Ọjà sì mọ orúkọ tí ń tà. Àwòrán Màríà àti òkú ọmọ rẹ̀ tí Michelangelo yà fún Colonna nìkan, Bonasone ti fín in jáde ní ọdún 1546, ìgbà tí obìnrin náà ṣì wà láàyè. Ohun tí ẹni kan ń fi dígí wò nínú yàrá rẹ̀ ti di ohun tí arìnrìn-àjò ń rà lójú pópó.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wa dé, ní nǹkan bí ọdún 1545 tàbí 1546. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ìdúpẹ́ ni: Michelangelo ní ẹni tí ó yọ òun lọ́wọ́ ikú lè tàbùkù òun pẹ̀lú, àmọ́ òun kò mọ èyí tí ó wúwo jù, àbùkù ni o, ikú ni o. Ó wá fi ìbárẹ́ òtítọ́ tí ń bẹ láàárín wọn bẹ Luigi pé kí ó jẹ́ kí a ba ohun ìtẹ̀ tí kò tẹ́ òun lọ́rùn náà jẹ́, kí a sì sun èyí tí a ti tẹ̀. Ó ní bí Luigi bá ń fi òun ṣòwò, kí ó má jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn náà máa fi òun ṣòwò. Ó ní bí ó bá gé òun sí ẹgbẹ̀rún, òun náà yóò gé ẹgbẹ̀rún, kì í ṣe lára Luigi fúnra rẹ̀ bí kò ṣe lára àwọn ohun ìní rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi ìfọwọ́sí, ó ní òun kì í ṣe akunlé-lọ́dà, òun kì í ṣe agbẹ́kùúta, òun kì í ṣe ayàwòrán-ilé. Ohunkóhun tí ó bá wu Luigi ni kí ó máa pe òun, àfi ọ̀mùtí nìkan, gẹ́gẹ́ bí òun ti sọ fún un nínú ilé rẹ̀. Ó hàn gbangba níhìn-ín pé wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹnu jà kí wọ́n tó fi kálámù jà.

Lẹ́tà náà kò dárúkọ àwòrán tí ó dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní àwòrán ojú Michelangelo fúnra rẹ̀ ni. Àwọn kan ní ẹ̀dà ọ̀kan nínú àwòrán ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ewì rẹ̀ ni, nítorí pé ní àsìkò yìí gan-an ni Luigi àti ọ̀rẹ́ wọn Donato Giannotti ń bá a ṣa nǹkan bí 90 nínú ewì rẹ̀ jọ. Lójú tèmi, èrò ìkẹyìn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ni Michelangelo lò: ó ní kí a ba ọ̀kan jẹ́, ó sì ní kí a sun àwọn ìyókù. Ìwé ni iná ń jó. Ohun tí a ní láti bà jẹ́ lọ́tọ̀ ni awo bàbà, èyí tí a ó fi òòlù lù tàbí kí a họ ojú rẹ̀ kúrò. Bí ó bá jẹ́ ewì ni, lẹ́tà òjé ni à bá fi tò ó, ẹni tí ó tò ó yóò sì tú u ká fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Kí ni yóò tún kù tí a ó bà jẹ́? Ní àfikún, ẹnì kan kò rí ojú ewé kan ṣoṣo tí a tẹ̀ nínú àkójọ ewì náà ní ayé Luigi.

Kí ló wá dé tí àwòrán àtẹ̀ fi jọ ikú lójú rẹ̀? Ohun kan tí a gbọ́dọ̀ rántí ni ewu ìgbà náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1545, Pietro Aretino, òǹkọ̀wé tí àwọn ọba pàápàá ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, kọ lẹ́tà kan láti Venice. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu Ìdájọ́ Ìkẹyìn, ó ní ìhòòhò tí ó wà níbẹ̀ kò yẹ ilé Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àwòrán ọwọ́ Michelangelo láti ọdún pípẹ́ tí kò rí i gbà. Aretino kò dé iwájú ògiri náà. Ẹ̀dà ni ó rí tí ó fi ń ṣe ìdájọ́. Àwòrán tí ó bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á ti di ohun tí ọ̀tá lè gbé lọ síbi tí ó wù ú kí ó sì kà á bí ó ti wù ú, pàápàá nígbà tí ẹlòmíràn bá ti tún un fín, tí ọ̀tún ti lè di òsì, tí òjìji tí ó rọ̀ bí òwú ti di ìlà líle.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ, Giannotti ni ó sì jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ó kọ ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan tí ó gbé kalẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1546, Michelangelo àti Luigi sì wà nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é wá jẹun, Michelangelo inú ìwé náà kọ̀. Ó ní ìgbàkígbà tí òun bá rí ẹni tí ó ní ẹ̀bùn kan, òun kò lè ṣàì fẹ́ràn rẹ̀, òun a sì fi ara òun fún un tó bẹ́ẹ̀ tí òun kì í tún jẹ́ ti ara òun mọ́. Bí òun bá bá wọn jẹun, olúkúlùkù wọn ni yóò mú lára òun lọ. Kí a wá gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ìbínú náà, níbi tí ó ti ní Luigi ń gé òun sí ẹgbẹ̀rún. Ohun kan náà ni. Ó ti fi ara rẹ̀ fún Luigi tán: àìsàn rẹ̀, owó rẹ̀, ewì rẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ó fi fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ti ń fi fún ọ̀rẹ́. Ohun tí kò lè fara dà ni pé kí ẹni tí ó gbà á tún pín in fún gbogbo ayé.

Bí ó bá gbé Luigi lọ sí kóòtù, kò sí adájọ́ tí yóò dá a láre. Ohun tí òfin ìgbà náà mọ̀ ni àṣẹ ìjọba, tí ẹni tí ó bá bẹ̀bẹ̀ fún un, tí ó sì san owó, lè gbà fún iye ọdún kan, Michelangelo kò sì gba irú rẹ̀ lórí àwọn àwòrán ẹ̀bùn rẹ̀. Ní ọdún 1512, nígbà tí ẹnì kan ń ta àwòrán àtẹ̀ tí ó ní àmì orúkọ Albrecht Dürer lára, ìgbìmọ̀ ìlú Nuremberg pàṣẹ pé kí ó pa àmì náà rẹ́. Wọn kò fòfin de àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1567 ni Titian gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Venice. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ dáàbò bo àwọn tí ń fín àwòrán, tí Hogarth jà fún, di ọdún 1735. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ nìkan ni òfin tí Michelangelo ní lọ́wọ́, òun náà ni ó sì fi bẹ Luigi.

Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà Luigi kò ní pàdánù ọ̀rọ̀. Yóò ní ta ni Michelangelo tí yóò fi bínú nítorí ẹ̀dà? Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, bí Vasari àti Condivi ti wí, ó yá iṣẹ́ àwọn ọ̀gá àtijọ́, ó ṣe irú rẹ̀, ó sun ún léèéfín kí ó lè jọ ti láéláé, ó sì dá ẹ̀dà padà fún olóhun. Àwòrán àtẹ̀ Schongauer wà nínú ohun tí ó kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1496, a ta ère ọmọdé tí ó ń sùn, tí ó gbẹ́, fún Kádínà Riario gẹ́gẹ́ bí ère ayé àtijọ́; alágbàtà gba dúkátì 200, ó fún Michelangelo ní 30. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tí ó ti jẹ nínú irú òwò yìí rí, tí ó sì ti rí i pé alágbàtà ni ó kó èrè lọ, ni ó mọ̀ jù ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí a fi ènìyàn ṣòwò.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Luigi del Riccio kú ní ìparí ọdún 1546, láìpẹ́ lẹ́yìn ìjà náà. Àkójọ ewì náà bá a kú. Kò sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1547, nígbà tí Florence ti ń halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bá àwọn Strozzi rìn, Michelangelo kọ̀wé sí Lionardo, ọmọ arákùnrin rẹ̀, láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò gbé ilé àwọn Strozzi rí. Yàrá Luigi del Riccio ni òun sùn sí. Ó wá fi kún un pé láti ìgbà tí Bartolomeo Angelini ti kú, òun kò rí ẹlòmíràn tí ó bójú tó ọ̀ràn òun dáadáa tàbí pẹ̀lú òtítọ́ ju Luigi yìí lọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ nípa àwòrán kankan.

Ọdún 17 sí i ni ó fi wà láyé. Vasari sọ pé kí ó tó kú ní oṣù Kejì ọdún 1564, ó sun púpọ̀ nínú àwòrán ọwọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí làálàá tí ó ṣe. Ọmọ-ọmọ arákùnrin rẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tẹ àwọn ewì náà jáde ní ọdún 1623, ó sì yí àwọn kan padà kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí a kọ sí ọkùnrin lè dà bí èyí tí a kọ sí obìnrin. Lẹ́tà ìbínú sí Luigi wà nínú èyí tí Gaetano Milanesi tẹ̀ jáde ní Florence ní ọdún 1875, nígbà tí a ń ṣe ìrántí 400 ọdún tí a bí ẹni tí ó kọ ọ́.